Tìmùtìmù Tó Ń Gbọ́ Ohùn Egungun

Láti ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, orí tìmùtìmù tó ń gbọ́ ohùn egungun ni Mojírọ́lá ti ń gbàdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bíi gbogbo ìyá ìjọ. Lónìí, bí ó ti kúnlẹ̀, tìmùtìmù náà rọra sọ̀rọ̀: “Ẹ kú àárọ̀, Mà. Egungun ìbàdí yín ti ń fúyẹ́. Bí ẹ bá ṣubú, ó lè ṣẹ́.”

Mojírọ́lá bèèrè pé, “Ṣé n kò ní lè kúnlẹ̀ fún Olúwa mi mọ́ ni?”

Tìmùtìmù dáhùn pé, “Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ àti ìdìde wà lára oògùn egungun náà.”

“Ọba tó mọ egungun mi kí n tó dáyé, o ṣeun!”

Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó dìde tayọ̀tayọ̀. Ìbílọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín: “Tún kúnlẹ̀, jàre. Àbí ẹ̀bẹ̀ rẹ ti tán ni?”