Làsísì àti Ẹyin Ọjọ́ Jímọ̀

Inú fùfù ni àbùkù Làsísì. Kì í mutí, kì í jalè, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣáájú ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ń wá ipò ńlá lójú méjèèjì. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ẹ jọ̀wọ́, òkè wo ló fẹ́ dé?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Agége ló ń gbé pẹ̀lú Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ àti Simbiat, ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ akànṣẹ́, Làsísì sì ni ọ̀gá inú wọn. Ọkùnrin mẹ́rin ló ti fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún dá dùbúlẹ̀. "Àrá Ìkẹjà!" ni wọ́n ń kí i, orí rẹ̀ a sì máa wú. Lọ́jọ́ tó gbá awakọ̀ ilé iṣẹ́ létí nítorí pé ọkọ̀ pẹ́ dé, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn níjà, pè é sẹ́yìn.

"Làsísì, inú agbo ìjà nìkan ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń sọni di ọ̀gá. Bí o bá kàn án níta, ara rẹ lò ń kàn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Etí ló gbọ́, ọkàn kò gbọ́.

Ìgbà yẹn ni SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ìgbà náà, ń fojú mẹ̀kúnnù rí màbo. Owó oṣù kò ra nǹkan mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń lé òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Làsísì kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò lé, orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá pátápátá ní bó bá lè na Akínfẹ́nwá, akànṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìgò kan, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àwọn yóò sì fi í ṣe olórí ìdí ẹ̀rọ mẹ́wàá. Wọ́n fún un ní ẹyin márùn-ún kó máa jẹ kí ara rẹ̀ lè le.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Ó fi báírò kọ orúkọ ọjọ́ sára ẹyin kọ̀ọ̀kan, láti Ajé títí dé Jímọ̀, ó tò wọ́n sínú abọ́. Ìyá Fàúsát tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn rẹ́rìn-ín títí.

"Sùlíyá, ẹyin ọkọ rẹ ti gba orúkọ o! Alùfáà nìkan ló kù ká pè."

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú yàrá yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Láti ìgbà tí wọ́n ti já Simbiat lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ lásán ló ń mu. Irun rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dá dìde mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, Sùlíyá pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ìyá Simbi," ni nọ́ọ̀sì wí, "ebi ẹja, ebi ẹ̀wà, ebi ẹyin ló ń pa ọmọ yìí. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ sí i, ẹ lè pàdánù rẹ̀."

Sùlíyá délé. Ẹyin kan ṣoṣo ló kù nínú abọ́. Ó wo ẹyin, ó wo ọmọ. Ó sè é, ó bó o, ó fi bọ́ ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Nírọ̀lẹ́, Làsísì bá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló jẹ Jímọ̀ mi?"

"Bàbá Simbi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni mo fún. Nọ́ọ̀sì ní..."

"Ọmọdé lo fún lẹ́yin jẹ? O fẹ́ sọ ọmọ mi di olè! Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá mi na Akínfẹ́nwá ni?"

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀! Ọmọ tí kò lè dìde, ilé ta ni yóò ti lọ jalè?

"Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́," ló tún pariwo, "kí ni ọmọ náà máa jẹ?"

"Kí ló ń jẹ báyìí tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín?"

Inú fùfù ní í wá oúnjẹ fún òṣì. Làsísì ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, ẹ̀ṣẹ́ tó ń dá ọkùnrin dùbúlẹ̀, sí obìnrin tó gbé ọmọ dání. Sùlíyá tẹ̀ bo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá, ó lọ ba òpó síméńtì. Egungun ọwọ́ Làsísì dún pẹ́kẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú, Sùlíyá ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé Sàláwù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìfakọ̀-Ìjàyè.

Làsísì fi ọwọ́ náà pamọ́, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó fúnra rẹ̀ di báńdéèjì, kò jẹ́ kí Johnson fọwọ́ kàn án. Ó ju ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan péré, ó ké bí ọmọdé. Akínfẹ́nwá kò ṣe méjì, ó dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò, ọwọ́ rẹ̀ ti wú bí iṣu.

"Ta lo bá jà?" ni Johnson bi í.

"Òpó ni, sà."

"Kí ni òpó fi ṣe ọ́?"



Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lẹ ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n lé mọ́ géètì. Tirẹ̀ ló ṣáájú. Ọwọ́ náà jinná ní wíwọ́, kò lè so òwú tó bá já nídìí ẹ̀rọ mọ́, áńbọ̀sì pé yóò kan ẹ̀ṣẹ́. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lọ bẹ Sàláwù kí wọ́n dá ìyàwó òun padà. Simbiat jókòó sórí ẹní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, irun rẹ̀ ti dúdú. Ẹyin sísè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀ báyìí, kíá ló fi ẹyin náà pamọ́ sẹ́yìn. Ojú ti Làsísì. Ó dìde, ó lọ, kò sì ní ìyàwó, kò ní iṣẹ́ títí dòní.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò fara sin. Ẹni tí kò lè ṣẹ́gun ìbínú rẹ̀, bó ṣẹ́gun gbogbo Èkó, ẹni tí a ṣẹ́gun ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, òkè tí ẹ bá fi ebi ọmọ gùn, ilẹ̀ ló máa gbà yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bọ́ ọmọ yín. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, òun gan-an ni olè.