Omi Pupa Lábẹ́ Táǹkì

Káfíńtà náà ti di kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àlòkù náà mú, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì. Àkọ́rà ẹ̀ nìyí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ló fẹ́ gbé e lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì.

Omi pupa ń ṣàn jáde.

"Ọmọ mi," mo sọ fún káfíńtà, "ó ti dógùn-ún nínú. Má rà á."

"Omi lásán ni," ẹni tó ń tà á sọ. "Bàbá, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

"Ó máa bú gbàmù lọ́jọ́ kan."

Káfíńtà yíjú sí mi.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sọ ọ́. Ẹ ki ọwọ́ òsì bọ àpò, ẹ ń kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ yọ ọ́, ká sọ̀rọ̀."

Mo fa apá ẹ̀wù mi jáde nínú àpò.

Kò sí ọwọ́ nínú ẹ̀.

"Irú ẹ̀ gan-an lèmi náà kọ́kọ́ rà."