Ọlọ́kọ̀ Mi

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ta ni ìgbádùn ò wù?

Mi ò tíì wo ojú ọkùnrin tó dúró gbé mi lójú ọ̀nà yìí dáadáa tí mo ti fẹ́ràn mọ́tò ẹ̀. Aago wúrà ọwọ́ ẹ̀ náà wù mí, bó tilẹ̀ tóbi jù ú.

Mo fẹ́ ju báàgì mi sí búùtù.

"Gbé e lé itan, ìyàwó mi. Ẹrù ti kún ẹ̀yìn."

Ìyàwó ẹ̀ kẹ̀? Orí mi wú!

A dé ilé ńlá ẹ̀. Ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí géètì tó ṣí. A wọlé, ó tì í pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ajá gàgàrà kan sáré jáde. Àyà mi já.

"Má bẹ̀rù, ajá mi ni. Àlejò nìkan ló máa ń gbó mọ́."

Ajá náà gbóòórùn ẹsẹ̀ mi, ó kọjá lára mi.

Ọkùnrin náà gan-an ló ń gbó mọ́.

Mo fẹ̀rín bò ó. "Ṣé ajá yín ò dá yín mọ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín.

Lójijì, ajá dákẹ́. Ó lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó ń fi èékánná họ búùtù, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ síta.



Nínú búùtù, ohùn ọkùnrin kan tó ti rẹ̀ ń pe ajá náà lórúkọ.