Bọ́ọ̀lù Tí Àrá Ṣà Fún Ìdíje

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù náà tún já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Àrá pòṣé. Àrá ni wọ́n ń pè é ní pápá, nítorí bí igi rẹ̀ ṣe máa ń sán tó bá gbá bọ́ọ̀lù.

"Bọ́ọ̀lù ìdánrawò yìí ló ń dójú tì mí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tọmọdé tàgbà ti gbá a gbó. Ojúlówó tí mo ṣà fún ìdíje ọ̀la wà nílé. Wàá rí bó ṣe máa fò!"

Ìyàwó rẹ̀ ò wo ojú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà. Ife tó bọ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ ńkọ́?"

"Ife tó ń yọ̀! Àbí o ti di nọ́ọ̀sì ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù kan nínú garawa tí ìyàwó rẹ̀ ti ń mú un, ó yí i wò.

Kò sí ìlà pupa tí wọ́n ń fà sára bọ́ọ̀lù ìdánrawò lára rẹ̀.

Àmì búlúù tí òun fúnra rẹ̀ fi bírò ṣe sára bọ́ọ̀lù ìdíje rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó da garawa náà sílẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn.

"Èmi ni mo kó wọn wá," ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. "Mo rò pé tí ẹ bá rí i tí wọ́n fò, ọkàn yín á balẹ̀. Olówó orí mi, nígbà tí wọn ò fò, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Àrá fẹ́ di igi rẹ̀ mú. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́ràn.

Ó fi ọwọ́ òsì na igi náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi gbà á, aya mi. Ṣé ọsibítù dókítà tí o sọ yẹn jìnnà?"