Sẹ́nétọ̀ àti Olorì

Ajá Madam Ayọ̀tọ́lá ò ga ju bàtà lọ, ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ lorúkọ ẹ̀. Ológbò wọn ń jẹ́ Olorì. Gbogbo Ìkẹjà GRA ló dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ilé yìí. Tí Olorì bá ti sún mọ́ Sẹ́nétọ̀ báyìí, Sẹ́nétọ̀ á sín lẹ́ẹ̀mẹta, ìjà dé.

Nusrat ló ń tọ́jú wọn. Madam gbà á síṣẹ́ torí pé ó mọ́ tónítóní, kò sì lọ́kọ. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́kọ. Ọjọ́ tí Madam gbọ́ ló kó ẹrù ẹ̀. Àléébù Nusrat ò ju ọ̀fìnkìn lọ. Rọ́ọ̀bù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Tí wọn ò bá rẹ́," Madam sọ fún un, "ìwọ náà á lọ."

"Madam, ọkùnrin kan wà l'Ágége, Job. Ó mọ ọ̀rọ̀ ẹranko. Ṣùgbọ́n èmi ò gba tiẹ̀ o."

"Ta ló ní kó o fẹ́ ẹ? Pè é."

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wó yàrá Job ni. Ó gbé báàgì ńlá méjì dé. Ó wo ajá, ó wo ológbò, ó mi orí bíi dókítà.

"Wọn ò mọ òórùn ara wọn, Mà. Ẹ fi aṣọ nu ọ̀kan, ẹ fi pa èkejì lára. Kí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn tí wọ́n bá ń jẹun. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ máa sùn síbí."

"Yàrá kan wà ní bọ́ìsì-kọ́tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nusrat."

"Ẹ̀gbẹ́ mi kẹ̀?" Nusrat figbe ta. "Ẹni tó ń han-run bíi jẹnẹrétọ̀!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ tí Nusrat bá lọ sí Onígbòǹgbò, orí ẹní kan náà làwọn ẹran méjèèjì ń sùn. Tó bá ti dé, ogun.

"Ó ku díẹ̀, Mà," Job á ní.

"Iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa, bí ojú ẹ̀ ni," Nusrat á dáhùn.

"Ìwọ tó o burú ju ológbò lọ."

Ó sú Madam. "Ẹ̀yin gan-an lẹ ń kọ́ wọn níjà! Láti òní lọ, inú abọ́ kan lẹ ó ti máa jẹun, kí Sẹ́nétọ̀ lè rí àpẹẹrẹ."

Nusrat kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, Madam. Èmi àti ẹni yìí?"

"Mo ti sọ."

Nusrat nu omijé, ó gbé abọ́ lọ sí bọ́ìsì-kọ́tà, ó ti ilẹ̀kùn, ó tú Rọ́ọ̀bù tó fi ń pa ìrù Olorì ní kọ̀rọ̀ kúrò létí ìró, ó wá bi ọkọ ẹ̀ pé: "Olówó orí mi, ṣé ọbẹ̀ yẹn níyọ̀ báyìí?"