Tiransísítọ̀ Agatha

"Bàbá Ṣèyíọlá, ẹ bá mi tún tiransísítọ̀ mi ṣe kí ẹ tó wá mú mi lọ sílé."

Ohun tí Agatha sọ fún Ambrose kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Tiransísítọ̀ tí ó ń wí ni rédíò kékeré tí ó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Àwọn àgbà Emùrè-Ilé, ìlú wọn, ṣì ń pe rédíò bẹ́ẹ̀. Rédíò náà ti dákẹ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ambrose dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e lọ fún Jamaldeen, ẹni tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe nítòsí ọjà Ọ̀wọ̀.

Jamaldeen ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

"Èmi ni ìyàwó mi ní kí n tún un ṣe," ni Ambrose wí. "Kọ́ mi."

"Ẹ̀yin? Ìyá fẹ́ sọ yín di ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó." Nígbà tí Jamaldeen rí i pé bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ambrose á jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, á dá ọlọ́kadà dúró. Ọlọ́kadà á ní, "Ṣé ọsibítù ni, Bàbá?" Òun á ní, "Rárá. Ọ̀dọ̀ Jamaldeen."

Ó kọ́ pé tiransísítọ̀ kì í ṣe rédíò. Ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò tó èékánná ni, inú rédíò ló ń gbé. Ti Agatha ti jóná.

"Wáyà bàbà máa ń jẹ́ kí iná kọjá," ni Jamaldeen wí. "Rọ́bà kì í jẹ́. Èyí kò sí nínú méjèèjì, àárín ló wà. Bí ẹ bá fi iná díẹ̀ tọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kan, á ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá."

"Bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́ ọ ńkọ́?"

"Á tìlẹ̀kùn, Bàbá. Á kàn wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Yanrìn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, yanrìn ni. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ kan á yàwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òmíràn á ṣe é ní Taiwan, òmíràn á fi ẹsẹ̀ sí i ní Malaysia. Bí eruku bá bà lé e níbẹ̀, ó bàjẹ́. Òun náà ló wá kú sọ́wọ́ wa l'Ọ́wọ̀ yìí."

Ambrose gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Yanrìn wà níwájú ilé mi. Boniface bíríkìlà ló já a síbẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kọ́lé ni?"

"Yàrá kan. Lẹ́yìnkùlé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá á rí ibi tuntun bá. Ṣé wọ́n ń jẹun ṣá?"

"Kò béèrè oúnjẹ."

"Ẹ gbé aṣọ òtútù lọ fún wọn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀."

"Òtútù ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́," ni Ambrose wí.

Ní ọjọ́ Sátidé, Zipporah, àbúrò Agatha, wá bá Ambrose nílé láti Uso. Ó gbé aṣọ léèsì funfun kan lé orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀dá, èyí ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wọ̀ fún òun wálé. Fadá ń béèrè ọjọ́. Ṣèyíọlá gbàyè níbi iṣẹ́, àyè náà ti tán. Ọsibítù ń pè mí pé ṣé kò ní ẹbí ni."

"Rédíò kò tíì sọ̀rọ̀."

"Bọ̀dá." Ó jókòó. "Kò dáa kó máa wà níbẹ̀ báyìí."

"Ó ní kí n tún un ṣe kí n tó wá. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́."

Zipporah na aṣọ náà kí ó má baà rún.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣú, Ambrose fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbígbóná yọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jóná, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì, òjé yíyọ́, lẹ tuntun mọ́ ibẹ̀. Jamaldeen ki bátìrì bọ̀ ọ́. Rédíò náà kùn, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìròyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ó tán. Ẹ lọ mú ìyá wálé."

Ambrose gbọ́ ìròyìn náà dé òpin. Ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù.

"Ṣé ọsibítù ni?" ni ọlọ́kadà wí.

"Ilé."

Nígbà tí wọ́n múná wá, ó ki áyọ́ọ̀nù tí ó ti rà fún ara rẹ̀ bọ iná. Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kan lára tiransísítọ̀ tuntun náà, ó gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nínú ihò rẹ̀. Rédíò dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ó gbé e padà fún Jamaldeen.

"Ó tún ti dákẹ́."

Jamaldeen ṣí i, ó rí ẹsẹ̀ tó wà lókè. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti ìyá ń jà ni?"

"Rárá."

"Àbí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n wálé?"

"Mo fẹ́."

Jamaldeen pa ẹ̀yìn rédíò náà dé. Ó wá ohun mìíràn jáde látinú agolo, ẹlẹ́sẹ̀ méjì. "Ó dáa. Dáyóòdù la máa kọ́ lónìí. Èyí máa ń jẹ́ kí iná lọ, kì í jẹ́ kó padà."

Ambrose ní òun ti mọ ìyẹn.

Koríko ti hù lórí yanrìn iwájú ilé. Ambrose kò tíì dá ẹsẹ̀ náà padà sínú ihò rẹ̀, kò tíì dá ọjọ́ fún Fadá, kò tíì fi aṣọ léèsì ránṣẹ́, kò tíì jẹ́ kí Boniface gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò sì tíì lọ gba òkú Agatha ní mọ́ṣúárì.