Ẹ Dá Wọn Padà

Bí Ummusalamah ṣe tẹ ètò kọ̀ǹpútà kan pé kó ṣiṣẹ́, ohùn Jọláolúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, jáde láti inú kọ̀ǹpútà: "Bàbá mi, ẹ tún ti to fáìlì mi. Ẹ dá wọn padà síbi tẹ́ ẹ ti bá wọn."

Ó fò dìde.

"Jókòó," ni bàbá olóògbé wí. "Ó gbà á sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni. Bí fáìlì kan bá kúrò láyè rẹ̀, ohun tí yóò sọ nìyẹn. Ó ní ìwà akọ̀wé ìjọba ò tíì kúrò lára mi."

Àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ tó ní kí Jọláolúwa kọ ètò náà fún wọn ló rán Ummusalamah wá sí Ìgbògbò láti gba ètò náà. Ó ṣí fódà kan, ó bá òmíràn nínú rẹ̀, ó tún bá òmíràn nínú ìyẹn.

"Ẹ̀yin Bàbá! Èyí ju ti sẹkitéríàtì lọ o. Ojú kan náà ni Jọláolúwa ń kó gbogbo rẹ̀ sí."

"Ilé tí kò ní yàrá, ọjà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kó gbogbo fáìlì jáde sójú kan, ó sì tún un tẹ̀. Ètò náà ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó dà á kọ sínú fíláàṣì, ó kúnlẹ̀, ó dágbére.

Bàbá dúró títí kò fi gbọ́ ìró ọ̀kadà tó gbé e lọ mọ́. Ó wá jókòó, ó ṣí fódà tuntun kan, ó ti fáìlì kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ó sì tẹ ètò náà.

"Bàbá mi, ẹ tún ti to fáìlì mi."

"Mo gbọ́," ni bàbá wí. Ó tún un tẹ̀.